Ohùn Òkè, Ohùn Ìsàlẹ̀

Ẹ̀yìn ojú irin, Ìfọ̀.
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, 2000.

Yàkúbù Àlàmú ọmọ mi,

Àlàáfíà kó wà pẹ̀lú rẹ níbi tí o wà. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kò tíì lọ. Wọ ẹ̀wù méjì, má sì ní o ti dàgbà ju kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ lọ.

A ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá rẹ. Àwọn èèyàn wá, wọ́n sì ń béèrè rẹ. Mo sọ fún wọn pé ìwé ìgbélùú rẹ kò tíì jáde, pé bí o bá jáde níbẹ̀ wọn kò ní jẹ́ kí o padà wọlé. Àwọn kan mi orí, àwọn kan kò mì í.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé ni ọkọ̀ bàbá rẹ. Pijó 504 náà ṣì wà lójúlé níbi tó gbé e sí gbẹ̀yìn. Ìwọ náà mọ̀ pé ìró rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá rẹ ti yà kúrò ní títì, màá sì gbé omi ọkà kaná. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ó kú, ìró mìíràn bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà. Ó ń dún ko ko ko, ko ko ko. Bí bàbá rẹ bá sì tẹ iná mọ́ ọn, ìró náà á máa yára tẹ̀lé e. Mo bi bàbá rẹ pé kí ló dé. Ó ní, "Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ọjọ́ Àlàmísì ni màá dá a lóhùn." Ọjọ́rú ló kú.

Ládi mẹkáníìkì wá lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kàn tẹ́tí sí i. Bàbá Ìbógùn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ohun ìní òkú ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan án, kò sì gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀, títí àrólé yóò fi sọ̀rọ̀. Ìwọ ni àrólé. Ó ní bí o bá sọ pé ẹ́ńjìnnì náà ṣì lè yè, Ládi yóò tún un ṣe, yóò sì máa wà á fún ilé yìí. Bí o bá sọ pé kò lè yè, wọn yóò tà á fún àwọn oníkọndẹ́mù kí wọ́n lọ gé e wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní opó kì í dájọ́ ọkọ̀.

Ìwọ lo kàwé ẹ́ńjìnnì ní Ìbógùn. Ìwọ lo máa ń jókòó ti bàbá rẹ bó bá ṣí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Jọ̀wọ́, sọ fún mi bóyá ó lè yè. N kò fẹ́ kí wọ́n fà á lọ. Kí ó sáà yà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìrọ̀lẹ́ kí n gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ Ládi ló wà nídìí rẹ̀.

Ìyá rẹ tó ń retí èsì,
Sùwéébátù.


Bàmíńgámù.
Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, 2000.

Màámi,

Mo kí yín. Ìwé yín wà lórí tábìlì mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó ṣí i, nítorí mo mọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀: ta ló wá, ta ni kò wá, ta ló mi orí. Ẹ sọ fún àwọn tí kò mi orí pé kí wọ́n fi ìwé ìgbélùú ránṣẹ́ sí mi.

Mo rí i pé ẹ ṣì ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ bíi tíṣà ilé-ìwé Mọ́dà. Àyè wà lọ́wọ́ yín.

Ní ti ọkọ̀. Bí mo ṣe ka ìró tí ẹ kọ yẹn ni mo gbọ́ ọ létí mi níbí. Ìró tó wúwo ni, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti ń bọ̀, bí ẹni ń fi ọmọ odó gún ilẹ̀. Wọ́n ń pè é ní nọ́ọ̀kì. Irin tó di ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì mú ló ti jẹ tán. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ọ̀kì, òkú ni. Bí Ládi bá ní òun lè tún un ṣe, irọ́ ló ń pa fún opó.

Ẹ ní kí Bàbá Ìbógùn tà á. Òkú kan tó fún ilé kan.

Bàámi fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn jù mí lọ, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ó jáde, ó wò mí, kò bọ̀ mí lọ́wọ́, ó padà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má wá ní kí n máa gbọ́ ẹjọ́ irin yẹn níbí pẹ̀lú. Ẹ má kọ nípa rẹ̀ sí mi mọ́.

Yàkúbù.


Ìfọ̀.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 2000.

Yàkúbù ọmọ mi,

Òjò ti dé síbí, ilẹ̀ sì ti rọ̀. Nurat àbúrò rẹ kí ọ láti Mówé níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ. Ó ti lóyún. Ara mi le, ojú nìkan ló ń ṣe mí ṣíwájú-ṣẹ́yìn bí mo bá ń kàwé.

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo fi lápìísì fi àmì sí i kí n tó kà á, bí mo ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ìwé rẹ. Ìwọ kì í fi sí i. Bí n kò bá sì fi sí i, ohùn rẹ kì í jáde sí mi. Bí mo bá ti parí rẹ̀, ṣe ni yóò dà bíi pé o jókòó tì mí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ti ọ̀tẹ̀ yìí dùn mí díẹ̀.

Bàbá rẹ kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rá ẹ́ńjìnnì, ẹ̀wù funfun lo sì wọ̀. Nígbà tí o lọ tán, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà títí, ó ní òun ìbá ti tètè fọ̀ ọ́.

Bàbá Ìbógùn pe ẹbí jọ, ó ní kí n ka ìwé rẹ sókè. Mo fo ibi tí o ti sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi ọmọ odó, mo dúró, mo ní lójú tèmi ìró náà kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbógùn ní, "Ìyàwó, nínú ìwọ àti Yàkúbù, ta ló kàwé ẹ́ńjìnnì?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. N kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn oníkọndẹ́mù dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọn kò tilẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì náà wò. Wọ́n so okùn mọ́ ọn nímú, wọ́n fi tirela kékeré fà á bí ẹni fa àgbò tí kò fẹ́ lọ. Táyà ẹ̀yìn kan kọ̀, kò yí, ó ń ha ilẹ̀ láti ojúlé wa dé ojú irin. Òjò kò tíì pa ojú rẹ̀ rẹ́ tán. N kò ráyè mú ohunkóhun kúrò nínú ọkọ̀ náà. Aṣọ òrùlé rẹ̀ tó ya, tí mo fi òwú aláwọ̀ ewé rán lọ́dún tí mo bí Nurat, ó bá a lọ.

Nígbà tí mo fẹ́ fọ ẹ̀wù iṣẹ́ bàbá rẹ, mo bá nǹkan kan nínú àpò rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni, wọ́n tín-ín-rín bí ewé ìwé, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìdí, o sì lè ṣí wọn bí abẹ̀bẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ṣé kí n jù ú nù?

Fi fọ́tò rẹ kan ránṣẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, o ò tíì nírùngbọ̀n nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Sùwéébátù.


Bàmíńgámù.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, 2000.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Inú mi dùn lónìí, ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé.

Mo ti kúrò níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Mo ti rí iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Àwọn èèyàn ibí ń tọ́jú ọkọ̀ ogbó bí ẹni ń tọ́jú ọmọ, wọ́n á fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un. Ẹ̀yin ìbá rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin àgbàlagbà kan gbé 504 wá, irú tiwa gan-an. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ni ín. Ó ní àwọn ọmọ òun ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun jù ú nù, òun kò gbà. Kó kó kó ló ń dún, lókè, fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n gbọ́ ọ. Mo fi ẹnu sukudiráífà lé orí ẹ́ńjìnnì, mo fi ìdí rẹ̀ ti etí, mo sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn fáàfù ni ilẹ̀kùn inú ẹ́ńjìnnì: afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, èéfín ń gba ibẹ̀ jáde. Apá irin kéékèèké wà lókè wọn tó ń tẹ̀ wọ́n ṣí. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín apá náà àti fáàfù. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, irin á máa lu irin, ẹ ó sì gbọ́ ọ. Bí kò bá sí àlàfo rárá, fáàfù kò ní pa dé dáadáa, iná á máa jẹ ẹ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan títí yóò fi bàjẹ́. Èyí tó ń pariwo sàn jù.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà tutù di ọjọ́ kejì, nítorí irin tó gbóná a máa wú, á sì purọ́ fún ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Mo ṣí ọmọrí rẹ̀. Mo yọ àwọn ọ̀pá tó ń ti apá náà sókè, mo yí wọn lórí gíláàsì. Bí ọ̀kan bá ti tẹ̀, á máa fò bó ṣe ń yí. Kò sí èyí tó tẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló tú. Mo ki irin pẹlẹbẹ bọ àlàfo náà, mo ń dè é díẹ̀díẹ̀ títí irin náà fi ń fà mọ́ mi lọ́wọ́, bí ẹni ń fa irun kúrò nínú òrí. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré. Nígbà tí obìnrin náà tan ọkọ̀ rẹ̀, ó sunkún, ó dì mọ́ mi. Ọ̀gá mi ní irú etí mi ṣọ̀wọ́n.

Irin pẹlẹbẹ tí ẹ bá nínú àpò Bàámi, òun náà nìyẹn, òun la fi ń wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jù ú nù. Ti àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá rí i lò.

Ẹ má sì máa sunkún nítorí ọkọ̀ mọ́. Irin ni.

Ọmọ yín,
Yàkúbù.


Ilé Nurat, Mówé.
Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, 2001.

Yàkúbù Àlàmú,

Bá wa dúpẹ́. Nurat ti bí ọkùnrin, a sọ ọ́ ní Sàlísù, orúkọ bàbá rẹ. Imú rẹ̀ jọ tìrẹ. Mo wà lọ́dọ̀ wọn, mo ń wẹ ọmọ.

Ìwé rẹ dé kí n tó kúrò ní Ìfọ̀. Mo jókòó tì í pẹ̀lú lápìísì mi. Nígbà tí mo dé ibi ìró ọkọ̀ obìnrin yẹn, ọwọ́ mi dúró. O kọ ọ́ ní ko ko ko, bí èmi náà ṣe kọ tèmi sí ọ. Mo wò ó títí. O ní lókè ni, o ní fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ni mo bá fi àmì ohùn òkè sí i. Bí mo ṣe fi sí i tán ni mo gbọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ.

Mo máa ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni tíṣà wa kọ́ wa pé kí á máa fi àmì sí. Ìró ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé òun náà ń béèrè àmì. Ohùn òkè ló fi ń ké, Yàkúbù. Kó kó kó ni. Ìwọ kà á ní ohùn ìsàlẹ̀.

Mo ní bóyá mo ń tan ara mi jẹ ni. Mo ká ìwé náà, mo mú ọ̀nà Mówé pọ̀n. Ní Ìbafò, ọkọ̀ tó gbé mi sọ pé òun kò lọ mọ́, mo wá wọ ọkọ̀ kékeré kan tó ń lọ síwájú. Ọkọ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, débi pé bàbá tó jókòó tì mí ti sùn lọ. Mo gbójú sókè, mo rí òwú aláwọ̀ ewé lára aṣọ òrùlé. Ìránṣọ mi ni. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ dé ibi tí mo ti ta kókó rẹ̀.

Olúsànyà ni awakọ̀ náà ń jẹ́. Mo bi í níbi tó ti rí irú ọkọ̀ báyìí. Ó ní lọ́wọ́ àwọn oníkọndẹ́mù ni, pé wọ́n ti gbé àáké kí òun tó dé, pé òun kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tan án wò. Mo ní kí ló ṣe é nígbà náà.

Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Màámi. Tápẹ́ẹ̀tì ni. Nọ́ọ̀tì kan ló tú lókè. Ẹ wò ó, òpònú wo ló lọ ta ọkọ̀ yìí?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà wo ojú mi.

Iwájú ilé Nurat yìí ló ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Mo máa ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ, n kì í gbọ́ ọ. Olúsànyà ti dè é dáadáa. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, n kò mọ ìgbà tó kọjá.

Irin pẹlẹbẹ tó wà nínú àpò bàbá rẹ, o ti rí i báyìí pé ó ti fi pa mọ́ de ọjọ́ Àlàmísì.

N kò bá ọ jà. N kò fi pa mọ́ fún ọ nítorí pé ọkọ̀ bàbá rẹ ni, o sì yẹ kí o mọ̀ pé kò kú. Bí ìwé rẹ bá ti jáde, wá wo ọmọ yìí.

Ìyá rẹ,
Sùwéébátù.


Bàmíńgámù.
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin, 2001.

Màámi,

Ṣé inú yín ti wá rọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àmì sórí "àti", tí ẹ ń fi sórí "tàbí", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ láyé lẹ kọ láìfi nǹkan kan sí i. Ẹ jókòó sáàárín ẹbí, ẹ mọ̀ pé ìró náà kò wúwo, wọ́n rẹ́rìn-ín yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ panu dé. Gbogbo ọjọ́ ayé yín nílé ọkọ lẹ fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn. Nígbà tí ó kàn yín láti jẹ́rìí sí i, opó ni yín. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ọkọ̀ bàbá mi, ẹ jókòó sẹ́yìn bí èrò, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín òpònú. Èmi ni òpònú náà. Ẹ ò bá kúkú dárúkọ mi fún wọn.

Lánàá ọ̀gá mi tún ní kí n wá gbọ́ ọkọ̀ kan. Mo fi sukudiráífà ti etí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ẹ má fi irin yẹn ránṣẹ́ mọ́. N kò fẹ́ ẹ.

Ẹ bá mi kí Nurat. E ma reti mi.

Yàkúbù.


Ìfọ̀.
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, 2001.

Yàkúbù Àlàmú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ìwé méjì ni mo ti kọ sí ọ lẹ́yìn tìrẹ, n kò rí èsì. N kò mọ̀ bóyá wọn kò dé ni, tàbí wọ́n wà lórí tábìlì. Ọmọ Nurat ti ń jókòó fúnra rẹ̀.

Ohun tí o sọ pé mo panu dé, òótọ́ ni. N kò ní àwáwí kan tí màá fi kún un.

Mo ti fi àmì sí ìwé rẹ yẹn. Ibi tí o ti bú mi, mo fi sí i bó ṣe yẹ, n kò dín ohùn rẹ kù. Gbólóhùn ìkẹyìn nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ìwọ kì í kọ "máa" pé. "Ma" lo máa ń kọ, èmi ni mo ń fi lẹ́tà tó kù kún un fún ọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí mo bá tún fi kún un báyìí, o ní kí n máa retí rẹ nìyẹn. Bí n kò bá fi kún un, tí mo kàn gbé àmì kan lé e lórí, o ní kí n má retí rẹ. Ọjọ́ tí mo kà á bí ti àkọ́kọ́, mo gbá yàrá rẹ, mo sá ibùsùn rẹ sóòrùn. Ọjọ́ kejì mo kà á bí ti èkejì, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

Nurat kà á, ó ń sunkún, kò sọ bó ṣe kà á fún mi. Bàbá Ìbógùn gbọ́, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere, kí n kó ẹrù rẹ jáde kí àwọn ọmọ tòun lè sùn síbẹ̀. Mo ní kò hàn.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹni tó bá ń bọ̀ á sọ pé òun ń bọ̀."

Mo ní, "Bàbá, a ò tún béèrè ìjọ́sí, a fa ọkọ̀ lọ. Ìgbà yìí, mo máa béèrè." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà mò ń béèrè. Mo fi ọ̀bẹ gé gbólóhùn náà kúrò lára ìwé rẹ, òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Mo fi irin bàbá rẹ tì í. O ní o kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àrólé ni ọ́, n kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè fún. Ewé rẹ̀ tó tín-ín-rín jù ni bàbá rẹ ti ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo bá a lápò. N kò pa á dé.

Mú lápìísì, fi ohun tó bá kù sí i, kí o dá a padà sí mi. Kò ju iṣẹ́ ìka kan lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí yóò dùn mí ni, má tìtorí mi yí i padà, fi í sí i bó ṣe wà lẹ́nu rẹ. Bí o bá sì fẹ́ tún bú mi, kọ èébú náà kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdákẹ́ yìí ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí.

Títí yóò fi padà dé, n kò ní kà á sókè, n kò sì ní kà á sísàlẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sùwéébátù.